Ẹ gbé òòyà kí ẹ tó pọnmi: èsì fún ẹni tí Lhasa rẹ̀ ń rùn

Ìyàwó ilé kan ní Ọba-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, àmọ́ ohun tó sọ rèé: “Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ra ajá Lhasa kan fún àwọn ọmọ wa, Bruno ni wọ́n sọ ọ́. Oṣù mẹ́wàá ló wà báyìí. Nígbà tó dé, bí òwú ló rí, díẹ̀ ló kù kí wọ́n máa pọ̀n ọ́n. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mò ń fi ọṣẹ apakòkòrò wẹ̀ ẹ́, òórùn náà kò lọ, ńṣe ló ń le sí i. Ó ń họra tọ̀sán-tòru, irun rẹ̀ ti di dàdá. Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin di etí rẹ̀ mú, ó yí padà, ó fi eyín gé e lọ́wọ́. Ọpẹ́ ni pé kò dá egbò. Àlejò kò ṣeé gbà mọ́ nílé wa nítorí gbígbó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó tà á fún wa ní ajá ìṣeré ni. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n fi iṣẹ́ onídìrí tọ́ ọkọ mi ní Oǹdó, wá kí wa. Wọ́n ní kí a fá a kodoro, kí a fi ọ́ìlì ọkọ̀ pa á lára. Wọ́n ní bí kò bá gbọ́ ìyẹn, àwọn á mú un lọ sí Oǹdó. Kí ni mo ṣe tí kò dára? Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n mú un lọ?”

Ìyá Bruno, ẹ kú ìrọ́jú. (Bẹ́ẹ̀ la ń pe gbogbo ẹni tó bá gbé ajá wá sọ́dọ̀ wa; orúkọ ajá ló ń wà níwájú káàdì, ti olówó rẹ̀ a máa fara pamọ́ sẹ́yìn.) Mo ti ń tọ́jú ẹran ní Àkúrẹ́ láti bí ogún ọdún, tí ẹ bá sì ní kí n ka iye ìyá tó ti jókòó síwájú mi pẹ̀lú ẹjọ́ yìí gan-an, ilẹ̀ á ṣú. Ẹ̀sùn márùn-ún lẹ kà sí ajá yìí lọ́rùn: ó ń rùn, ó ń họra, irun rẹ̀ lọ́, ó géni jẹ, ó ń gbó. Mẹ́rin àkọ́kọ́, bí n kò bá ṣìnà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìkarùn-ún kì í ṣe àìsàn, iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ sin irú rẹ̀ ni. Ìyá tó bí àwọn mẹ́rin yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi hàn yín, ẹ má sì bínú tí mo bá ní omi ìwẹ̀ yín ni.

Irun Lhasa ní ìpele méjì. Ti òkè gùn, ó wúwo, ó le díẹ̀. Ti abẹ́ rọ̀, ó sì kún. Irun ìgbà ọmọdé rẹ̀ kì í ṣe èyí tí yóò fi dàgbà. Láti bí oṣù kẹjọ sí ìkejìlá, irun ọmọdé á máa tú, irun àgbà á máa hù. Ajá ilé wa tí irun rẹ̀ kúrú, bí irun rẹ̀ bá re, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí, ẹ ó gbá a. Ti Lhasa kì í rí ọ̀nà jáde. Inú irun tó kù ló ń há sí, á lọ́ mọ́ ọn, á ta kókó. Àwọn tó ń tà á a máa fi polówó pé irun rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀. Wọn kò purọ́, wọn kò kàn parí ọ̀rọ̀ ni: irun tí kò bọ́ sílẹ̀, ara ajá ló ṣì wà, ẹnìkan ló sì gbọ́dọ̀ mú un kúrò níbẹ̀. Ẹ sọ pé oṣù méjì sẹ́yìn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́wàá sì ni Bruno wà. Oṣù kẹjọ gééré nìyẹn. Ajá yín kò ṣàìsàn nígbà náà, ó ń balágà ni.

Ẹ wá da omi lé e. Ẹ̀yin obìnrin mọ èyí jù mí lọ: ẹni tó bá da omi lé irun tó ta kókó láìkọ́kọ́ yà á, nígbà tí irun náà bá gbẹ, kókó á ti le bí okùn tí wọ́n fà so. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Bruno nìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Omi ń wọ abẹ́ kókó irun, kò rí ibi gbà jáde, atẹ́gùn kò dé ibẹ̀, àwọ̀ ara á wà nínú ọ̀rinrin bí búrẹ́dì tí a dì sínú ọ̀rá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ti ń gbé jẹ́jẹ́ lára gbogbo ajá láti ilẹ̀. Bí ara bá gbẹ, wọn kì í ṣe nǹkan kan. Ẹ fún wọn ní ooru àti ọ̀rinrin, wọ́n á bímọ lé ọmọ. Àwọn ló ń rùn, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ̀yin gbóòórùn, ẹ tún gbé omi. Omi tún bọ́ àwọn kòkòrò yẹn. Òórùn tún le sí i. Lásìkò òjò Àkúrẹ́, tí aṣọ gan-an kì í gbẹ lórí okùn, irú ẹjọ́ yìí kì í dín lọ́dọ̀ mi. Ọṣẹ náà tún dá kún un. Àwọ̀ ajá fẹ́lẹ́ ju ti ènìyàn lọ, epo díẹ̀ sì wà lójú rẹ̀ tó ń dáàbò bò ó. Ọṣẹ apakòkòrò a máa bó epo yẹn dànù, àwọ̀ á gbẹ, á máa yún un, á máa họ ọ́, ibi tó họ á di egbò, egbò á sì tún rùn.

Ọ̀rọ̀ gígéni jẹ kò jìnnà síbẹ̀. Etí Lhasa ń dorí kodò, irun bò ó lóde, irun tún ń hù nínú ihò rẹ̀. Omi ìwẹ̀ tó bá wọ ibẹ̀ kì í tètè gbẹ. Etí á wú, á máa yún un, á máa dùn ún. Ẹ̀yìn etí náà sì wà lára ibi tí kókó irun ti kọ́kọ́ ń ta. Ẹ rántí irun tí onídìrí dì tó le jù, tí ẹ kò lè fi ẹ̀gbẹ́ orí kan ìrọ̀rí. Ẹ wá fojú inú wo ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin tó di ibẹ̀ mú gírígírí. Èmi kò dá ajá láre o. Ajá yòówù kó jẹ́, bó ti wù kó kéré tó, a kì í fi òun àti ọmọ kékeré sílẹ̀ láìsí àgbà nítòsí. Mo kàn ń sọ pé ó jọ pé ìrora ló gé ọmọ yín jẹ, kì í ṣe ìwà.

Kí n tó kúrò lórí èyí, ẹ yẹ ọwọ́ ọmọ náà wò dáadáa lójú ọ̀sán. Bí ẹ bá rí ibi tí awọ bó, bó ti wù kó kéré, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kì í ṣe lọ́la. Àrùn dìgbòlugi kì í gbọ́ oògùn mọ́ bí àmì rẹ̀ bá ti jáde lára ènìyàn. Abẹ́rẹ́ tí a bá tètè gbà kí àmì tó dé ló ń dènà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú káàdì Bruno jáde. Ó yẹ kó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní bí oṣù mẹ́ta, kó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí mo ti rí káàdì tí wọ́n kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ sí, tí ọjọ́ náà ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n bí ajá! Bí ti yín kò bá dá yín lójú, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un gún fún un.

Bàbá kan gbé Lhasa rẹ̀ wá láti Ìjàpọ̀ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ó ti fi okùn di í lẹ́nu. Ó ní ajá náà ti ya wèrè, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án mọ́, kí n bá òun wá nǹkan ṣe sí i, ẹ mọ ohun tó ń sọ. A fún ajá náà lóògùn oorun, a gbé kílípà. Irun náà kò jábọ́ ní wẹ́wẹ́, odindi ló ṣí kúrò lára rẹ̀ bí ẹní tí a ká nílẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ẹran tútù, ìdin sì wà ní abíyá. Nígbà tí ajá náà jí, tí a fi oògùn ra ojú egbò, ó lá mi lọ́wọ́, ó sì tún sùn lọ lórí tábìlì níbẹ̀, ó ń hanrun. Bàbá náà dúró, kò sọ nǹkan kan. Ó ṣì ń gbé e wá di òní.

Ẹ wá fọwọ́ wá ara Bruno. Bí ìka yín bá lè wọ àárín irun kó kan awọ, òòyà ṣì lè ṣe é. Ẹ ra òòyà irin tí eyín rẹ̀ jìnnà síra. Ẹ bu omi àti kọndíṣọ́nà díẹ̀ sínú ike tí a fi ń fọ́n omi, ẹ fọ́n ọn sí irun kó lè rọ̀, kó tutù fẹ́ẹ́rẹ́, kó má rin gbingbin. Irun tó gbẹ táútáú kì í ṣeé yà, ńṣe ló ń ṣẹ́. Ẹ dá ajá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ikùn lọ sókè, kí ẹ máa là á ní ìlà-ìlà bí ẹni tó fẹ́ di ṣùkú, kí ẹ máa rí awọ láàárín ìlà méjì. Ṣóńṣó irun ni òòyà ti ń bẹ̀rẹ̀, kó máa sún mọ́ ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kókó tí ẹ bá pàdé, ẹ fi ọwọ́ kan di ìdí rẹ̀ mú kó má bàa fa awọ, ẹ fi ìka tú u sí wẹ́wẹ́ kí òòyà tó kàn án. Ẹ̀yìn etí, abíyá, inú itan, abẹ́ bẹ́líìtì ọrùn, ìdí ìrù: ibẹ̀ ni wọ́n ń sá pamọ́ sí. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ya ojú irun lásán, ajá á máa dán lókè bí ìyàwó ọ̀sìngín, abẹ́ á ti di ẹní. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé kókó tó sún mọ́ awọ. Kókó a máa fa awọ ara wọnú, ẹ ó rò pé irun lẹ ń gé. Mo ti rán ọgbẹ́ irú rẹ̀ rí, lọ́sàn-án ọjọ́ Ọdún Kérésì.

Lẹ́yìn tí irun bá ti yà tán ni omi tó lè kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó, ọṣẹ ajá ni kó sì jẹ́. Ẹ fi òwú dí etí rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣan ọṣẹ kúrò títí omi yóò fi mọ́, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ irun náà, ẹ má fi rà á mọ́ra, nítorí ìyẹn ló tún ń ta kókó. Lẹ́yìn náà, kó gbẹ dé ìdí. Ẹni tí iná bá wà nílé rẹ̀ lè lo ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun, kó má gbóná jù. Ẹni tí kò bá ní iná, kó wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ kí oòrùn lè bá a ṣe é. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, kó wá fi ara tútù sùn mọ́jú.

Bí ìka yín kò bá wọ irun náà mọ́, ti òòyà ti kọjá. Ìfìyàjẹni ni kí a máa ya irun tó ti lẹ̀ mọ́ awọ, ajá kì í sì í gbàgbé. Níbí ni ìyá ọkọ yín ti sún mọ́ òótọ́ ju bí ẹ ti rò lọ. Gígé ni kí a gé e, kó ku bí ìbú ìka kan lára, kí a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Níbi tó bá ti le gan-an, kílípà á sún mọ́ awọ, a ò sì ní yàn. Ohun tí èmi kò fẹ́ ni fífá kodoro tí a bá fi ṣe àṣà nítorí ooru. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń lé ooru jáde. Irun tí a yà dáadáa, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń gba oòrùn sára kó má bàa dé awọ. Awọ Lhasa tí a fá kodoro, oòrùn á jó o. Ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ àdúgbò. Kílípà wọn a máa gbóná, ajá kì í jókòó jẹ́jẹ́, awọ abíyá rẹ̀ kò sì nípọn ju ọ̀rá lọ. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tó ń tọ́ ọmọ, tó ń gbé nínú ooru tiwa, má wulẹ̀ dá a láṣà pé òun fẹ́ irun tó ń wọ́lẹ̀. Ti ibi ìdíje ẹwà ajá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gé e kúrú ní oṣù méjì-méjì, òòyà á rọrùn, ẹ ó sì tètè rí eégbọn.

Ọ́ìlì ọkọ̀ ńkọ́? Mo bẹ Màmá, kí wọ́n má ṣe é. Mo mọ ibi tó ti wá. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín kan wà tó ń gbẹ́ ihò sábẹ́ awọ ajá, àwọn àgbà sì rí i pé ọ́ìlì a máa sé wọn mọ́nú kú. Àmọ́ ọ́ìlì tó ti jó nínú ẹ́ńjìnnì kún fún májèlé. Á jó awọ, ajá á sì lá a, nítorí ahọ́n ni táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn á wá lọ bá ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ọta-píápíá tí wọ́n ń dà sí ajá lára nítorí eégbọn. Ìyẹn kì í pẹ́: itọ́ á máa dà, ara á máa gbọ̀n, gìrì á gbé e. Wọ́n ti gbé irú wọn bá mi tí òkú wọn ṣì gbóná. Abẹ́rẹ́ màlúù tí àwọn kan ń rà lọ́jà tí wọ́n ń gún fún ajá kékeré náà wà níbẹ̀. Lhasa tó dàgbà kì í sábà ju kílò 8 lọ. Ìwọ̀n màlúù kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀.

Eégbọn gan-an, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ẹ̀jẹ̀ tó ń mu kọ́ ni mò ń bẹ̀rù, ibà tó ń gbìn sínú ẹ̀jẹ̀ ni. Bí Bruno bá kọ oúnjẹ, tí ara rẹ̀ gbóná, tí èrìgì rẹ̀ funfun dípò kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi tíì, ẹ má dúró dọ̀la. A rí i wò bí a bá tètè rí i. Ẹ̀gbẹ́ òòyà ni ẹ ó ti máa rí eégbọn: inú etí, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, abẹ́ ọrùn. Ẹ fi ẹ̀mú fà á jáde tààrà, ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa. Ilé náà ní láti gba ìtọ́jú, nítorí abo eégbọn tó bá yó a máa sọ̀ kalẹ̀ lára ajá, á lọ yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sínú lílà ògiri.

Mi ò tíì fojú kan Bruno, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ìyẹn sọ́kàn. Bí ẹ bá rí ibi tí irun ti pá tí èépá wà, pàápàá létí etí àti ìgunpá, tàbí tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún ẹ̀yin náà nínú ilé, ó lè jẹ́ kòkòrò abẹ́ awọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. A ní láti ha awọ díẹ̀, kí a fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wò ó. Àwọn Lhasa mìíràn sì wà tí ara wọn kọ èruku tàbí oúnjẹ kan. Òòyà á dín tiwọn kù, kò ní mú un tán, ìtọ́jú rẹ̀ a sì máa gba sùúrù àti owó. Bí ìyún náà bá ṣì le lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ti ń ṣe gbogbo èyí, inú irun kọ́ ni ẹ ó ti wá ìdí rẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ náà, ẹ kò bi mí, àmọ́ bí ipin tó ki, tó rí bí ikun, bá ń dì sí i lójoojúmọ́, ẹ má kàn máa nù ún. Omijé àwọn ajá yìí a máa gbẹ, ojú á gbẹ, wọ́n á sì fọ́. Oògùn rẹ̀ wà bí kò bá tíì pẹ́ jù. Èyí tó bá kọjá agbára wa níhìn-ín, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn là ń darí rẹ̀ sí.

Gbígbó wá kù. Ẹni tó ní ajá ìṣeré ló tà fún yín, kò mọ ohun tó tà. Lhasa ni olú ìlú Tibet, lórí òkè tó ga ju 3,600 mítà lọ, ibẹ̀ ni irú ajá yìí ti wá. Ajá ńlá ni wọ́n ń so mọ́ ẹnu ọ̀nà lóde. Èyí kékeré ń gbé inú ilé àti inú ilé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, etí rẹ̀ ni wọ́n gbójú lé: bí àjèjì bá kọjá ti ẹnu ọ̀nà, òun ni yóò jí gbogbo ilé. Wọn kì í tà á káàkiri, ẹ̀bùn ni wọ́n máa ń fi ṣe. Ní 1933, Dalai Lama kẹtàlá, olórí ẹ̀sìn Búdà ní Tibet, fi wọ́n ta ará Amẹ́ríkà kan, Suydam Cutting, lọ́rẹ, ní 1935 sì ni American Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ irú ajá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gba irú rẹ̀ wọlé. Títí di òní, wọn kò kà á mọ́ ọ̀wọ́ àwọn ajá ìṣeré níbẹ̀. Ẹ̀yin wá ra ọlọ́dẹ, ẹ rò pé ọmọlangidi ni. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, inú ń bí yín!

A kò lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátá, àmọ́ a lè kọ́ ọ níye ìgbà tó tó. Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń pariwo, ó gbà pé ẹ̀yin náà ń bá òun gbó ni. Kó gbó ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà kó rí i pé ẹ ti gbọ́, ẹ sọ pé “Ó tó,” lóhùn jẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú tó bá pa ẹnu mọ́, ẹ fún un ní ẹja díẹ̀. Kí àlejò jókòó, kó má wò ó lójú, kó má na ọwọ́ sí i. Kí ajá náà wá fúnra rẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó rí àyípadà, nígbà mìíràn oṣù. Orí Lhasa le. Á gbọ́ ohun tí ẹ sọ, á kọ́kọ́ rò ó bóyá kó ṣe é.

Ní ti Oǹdó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mi ò sọ pé kí ẹ má mú un lọ nítorí Ògún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la mọ ohun tí Ògún ń jẹ, ìgbà ọdún Ògún ní Oǹdó kì í sì í ṣe ìgbà tí ajá ń rìn gbéregbère. Kòkó ni mò ń bẹ̀rù. Bí Màmá bá ń sá kòkó sí àgbàlá, bí ọ̀pọ̀ ilé lọ́nà ibẹ̀ ti ń ṣe, èròjà kan wà nínú kóró yẹn, theobromine, tí ara wa ń tètè tú dànù, tí ti ajá kì í lè tètè tú. Ajá tó bá jẹ ẹ́ á máa bì, kò ní lè dúró sójú kan, ọkàn rẹ̀ á máa sáré, gìrì lè tẹ̀ lé e. Ajá ọdẹ kílò 20 lè jẹ kóró díẹ̀ kó sì yè é. Bruno kò ní àyè yẹn. Lẹ́yìn náà ni ìkòkò ọbẹ̀. Àlùbọ́sà, ìbáà tútù, ìbáà jinná, a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ta ni ó sì máa se ọbẹ̀ láìsí àlùbọ́sà fún ajá? Egungun adìẹ tó jinná náà a máa ṣẹ́ ṣóńṣó nínú ìfun. Ní ilé yín pẹ̀lú, ẹ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ata, iyọ̀ àti àlùbọ́sà tó wọ ìkòkò: ìrẹsì díẹ̀, ẹja tàbí ẹran tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀, ewébẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Èbà lásán kò tó o.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kò rí ìṣẹ́jú 15 yẹn, tí ẹ kò sì lè san owó gígé irun ní oṣù méjì-méjì, ẹ wá ẹni tó lè ṣe é kí ẹ gbé e fún un, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ajá tó ń lo ọdún 12 sí 15 láyé ni, ọmọ yín ọlọ́dún mẹ́rin á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ yunifásítì kí Bruno tó darúgbó tán. Àmọ́ nínú lẹ́tà yín, mi ò rí ẹni tí kò fẹ́ ajá rẹ̀. Ẹni tó ń pọnmi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ nítorí ajá, àkókò kọ́ ni ìṣòro rẹ̀.

Tí ẹ bá ń gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ má wẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó wá, kí n lè gbọ́ òórùn náà bó ti rí. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání. Bí Màmá kò bá tíì padà sí Oǹdó, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín wá. Ẹni tó ti tú irun orí àwọn obìnrin títí ó fi rówó tọ́ ọmọ, òòyà irin ni mo fẹ́ fi lé wọn lọ́wọ́, kí n sì jókòó wo ohun tí wọn yóò ṣe sí ẹ̀yìn etí Bruno.